Ẹ Jẹ́ K'Ọ́mọ Fọwọ́ Kàn Án

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ayẹyẹ sáyẹ́ǹsì ọmọdé pọ̀ débi pé àbúrò tó ń bá mi tò wọ́n ní ṣé mo fẹ́ ṣí pósófíìsì ni. Mo dúpẹ́ o. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀, iṣẹ́ mi ni kí n máa kan nǹkan ìpàtẹ tí ọmọdé á fọwọ́ yí, á fà, á tì, á fẹnu fẹ́, kó lè fojú ara ẹ̀ rí bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ti kàn án lọ́pọ̀ ibi, mo sì ti kó àfọ́kù ẹ̀ relé lọ́pọ̀ ibi. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí ní Òṣogbo. Ilé ìwé mẹ́ta la pawọ́ pọ̀ tá a fẹ́ ṣe ayẹyẹ sáyẹ́ǹsì ọlọ́jọ́ kan, ọmọ bíi 600 ló máa wá. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ kàn dúró ti òkè oníná (volcano) tí wọ́n fi páálí ṣe ni, wọ́n ń ka àkọ́sórí. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́, àmọ́ èmi mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí?

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, ẹ kú làálàá. Òkè oníná yẹn, gbogbo wa la ti ṣe é rí, èmi náà ti da fínígà ilé wa tán sórí ẹ̀ tí ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ tó kàn án nìkan ló ṣe nǹkan, gbogbo àwọn tó kù wòran.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí àkòrí inú ìwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọwọ́ ọmọ. Tẹ́ ẹ bá ní "a fẹ́ ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀", pátákó lẹ máa gbé jáde ẹ máa kọ̀wé sí i lára ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní "ọmọ á wọ inú àgọ́ tó ṣókùnkùn, á gbé aṣọ funfun dání, á rí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà níta tí wọ́n dorí kodò lára aṣọ náà", iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àgọ́ yẹn gan-an ò le o, igi mẹ́fà, tapólì dúdú tẹ́ ẹ ká po méjì kí ìmọ́lẹ̀ má ráyè yọ́ wọlé, ihò kan ṣoṣo tí kò ju ìbú ìka lọ lápá tó kọjú síbi tí oòrùn ti ń ràn yòò, àti aṣọ funfun tẹ́ ẹ kàn mọ́ férémù tí ọmọ lè gbé rìn. Tó bá gbé e sún mọ́ ihò, àwòrán á kéré á sì mọ́lẹ̀ dáadáa, tó bá gbé e jìnnà, á tóbi á wá ṣe bàìbàì. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣẹ́ kọ́nà, ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀, èyí tó ti orí èèyàn wá gba ihò kọjá sísàlẹ̀, èyí tó ti ẹsẹ̀ wá gba ibẹ̀ lọ sókè, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi dorí kodò. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006 tí òṣùpá bo oòrùn, tó sì wolẹ̀ lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà, á ti rí i tí ilẹ̀ kún fún ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó tẹ̀ bí èékánná. Àlàfo àárín ewé ló ń ṣe iṣẹ́ ihò àgọ́ wa yẹn.

Ohun kejì, ẹ ṣe ìṣirò ìlà táwọn ọmọ máa tò. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìn sí kòtò. Ká ní ìpàtẹ kan gba ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ yẹn sì lo ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọmọ 20 nìyẹn ní wákàtí kan, ọmọ 100 ní wákàtí márùn-ún. Ọmọ 500 á relé láìfọwọ́ kàn án, tẹkún tẹkún. Bẹ́ ẹ bá ṣe ohun kan náà kó jẹ́ pé ọmọ mẹ́fà lè yí i ká lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo 600 á kàn án. Torí náà tábìlì róbótó dáa ju èyí tó fẹ̀yìn ti ògiri lọ, nǹkan yẹpẹrẹ tẹ́ ẹ ṣe mẹ́rin sì dáa ju ìyanu ńlá kan ṣoṣo lọ.

Ohun kẹta, kẹ́ ẹ tó gbé owó fún káfíńtà, ẹ fi páálí àti sẹ́lótéèpù ṣe é ná, ẹ pe ọmọ mẹ́rin tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, kẹ́ ẹ wá pa ẹnu yín mọ́. Ẹ pa á mọ́ pátápátá o! Ẹ kàn máa wo ibi tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yé wọn, nǹkan yẹn ò tíì délé, ẹ padà lọ gé páálí míì. Èmi kì í kan nǹkan kan mọ́ kí n tó fi páálí ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán.

Ọkùnrin tó dá Exploratorium, ilé ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì tí àlejò ti ń fọwọ́ kan nǹkan, sílẹ̀ ní San Francisco ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, Frank Oppenheimer, àbúrò Robert Oppenheimer oníbọ́ǹbù átọ́míìkì ni. Onímọ̀ físíìsì lòun náà, àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú lé e kúrò ní yunifásítì, ó lọ ń sin màlúù ní Colorado, ibẹ̀ ló ti wá di tíṣà ọmọ girama. Àtẹ̀yìn kíláàsì ọmọ girama ni Exploratorium ti wá o, tíṣà wa, ẹ má fojú kéré ara yín. Àwọn ọmọ girama náà ni wọ́n gbà síbẹ̀ láti máa bá àlejò sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ẹ fi àwọn SS1 yín ṣe é, kí wọ́n máa bi ọmọ ní ìbéèrè, kì í ṣe kí wọ́n máa kàwé sí i létí.

ÌBÉÈRÈ: Akọ̀wé, káfíńtà ni mí l'Abẹ́òkúta, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ilé ìwé kan gbé iṣẹ́ tábìlì ìpàtẹ fún mi, wọ́n ní kí n ṣe é "kó bá ọmọdé mu". Kí ni wọ́n ní lọ́kàn gan-an? Mi ò fẹ́ gé pákó kí wọ́n tún ní kí n wá tú u.

ÌDÁHÙN: Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ọwọ́ yín á máa mókè. Ẹ pe ọmọ-ọmọ yín kan tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, kó dúró, kó ká apá ẹ̀. Ibi tí ìgúnpá ẹ̀ bá dé, kí orí tábìlì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì ló sábà máa ń jẹ́. Kí abẹ́ ẹ̀ ṣófo, kí ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlẹ́sẹ̀ lè ti orúnkún wọbẹ̀ (èyí á gba kẹ́ ẹ gbé ọ̀kan nínú wọn ga díẹ̀ ju èyí tó kù lọ). Kí ẹsẹ̀ tábìlì fẹ̀ nísàlẹ̀ torí wọ́n máa gùn ún, ẹ má tan ara yín. Gbogbo etí pákó, ẹ fi sáńpépà pa á títí tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a tí kò ní họ yín. Ẹ má fi àlàfo tí ìka lè kó sí tí ò ní lè yọ sílẹ̀. Bóòtù àti nọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ìṣó, torí nǹkan yìí á bàjẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, a sì máa fẹ́ tú u ní kíákíá.

Ọwọ́ tí wọ́n á máa yí ló ṣe pàtàkì jù. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi, igi tó tó àtàǹpàkò ni mo fi ṣe é, ó dán, ó rẹwà, mo fi pólíìṣì nù ún. Kò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Èmi rò pé ọmọdé máa ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ ni, irọ́ ni, wọ́n máa ń so rọ̀ mọ́ ọn ni. Látìgbà yẹn, páìpù omi onírin ni mo ń ní kí wẹ́dà bá mi jó, màá wá fi páìpù tó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí kó máa yí fúnra ẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, kó má bó o.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, dish ńlá méjì wà lórí òrùlé ilé bàbá wa n'Íbàdàn, èyí tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un. Ìyàwó mi ní kí n tà á fún àwọn oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Mo gbọ́ pé ẹ lè fi ṣe nǹkan fáwọn ọmọ, ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tà á! Ẹ bá mi bẹ ìyàwó wa. Ohun tẹ́ ẹ ní lórí òrùlé yẹn, nínú gbogbo ìpàtẹ tí mo mọ̀, òun ló ń dùn mọ́ mi jù, kò gba iná, kò gba epo, kò sì sí nǹkan tó lè tán nínú ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ gbé méjèèjì kojú síra wọn, kó jìnnà síra bíi mítà 15, kí ọmọ kan gbé ẹnu ẹ̀ síwájú ti apá ibí, kí èkejì gbé etí síwájú ti apá ọ̀hún. Ohùn tó bá jáde lẹ́nu ti ibí á lọ lu dish, dish á gbà á á sì darí ẹ̀ tààrà lọ bá ìkejì ẹ̀, ìyẹn á wá kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí ẹni tó dúró láàárín ò ní gbọ́, etí tó wà lójú kan yẹn á gbọ́ ọ ketekete.

Ojú kan yẹn ni gbogbo iṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ wá a rí. Ẹ na okùn la ojú dish kọjá láti etí dé etí, ẹ wọn ìbú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọn bó ṣe jìn tó láti okùn dé ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀. Ẹ sọ ìbú di ìlọ́po ara ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìlọ́po 16 jíjìn ẹ̀ pín in. Ká ní ìbú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180, tó sì jìn ní 30, 180 lọ́nà 180 jẹ́ 32,400, 16 lọ́nà 30 jẹ́ 480, ẹ pín in, 67.5 lẹ máa rí. Sẹ̀ǹtímítà 67.5 sí ìsàlẹ̀ ikùn dish, ibẹ̀ lẹnu ọmọ gbọ́dọ̀ wà. Ẹ ká irin tín-ín-rín bí òrùka tó lè gba ojú ọmọ, ẹ jó o mọ́ ibẹ̀, ẹ kùn ún ní pupa, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ibo lòun máa gbé ojú sí.

Ẹ fọkàn sí nǹkan mẹ́ta. Tí dish yín bá jẹ́ oníhò bí àwọ̀n, ohùn á gbabẹ̀ kọjá lọ ni, kò ní padà, ẹ máa ní láti fi bébà àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele kó tó lè ṣiṣẹ́. Ìkejì, oòrùn. Dish tó ń dán lè kó oòrùn jọ sójú kan yẹn gan-an, ojú kan tí ọmọ gbé ojú sí! Torí náà ẹ kùn ún ní ọ̀dà tí kì í dán, ẹ gbé e sábẹ́ ìbòji, kí ọ̀kan kọjú sí àríwá, kí èkejì kọjú sí gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà wọ inú wọn. Ìkẹta, afẹ́fẹ́. Ìjì ìrọ̀lẹ́ Ìbàdàn ò mọ̀ pé ọmọdé ń ṣeré, àpò yanrìn mẹ́rin mẹ́rin lẹ́sẹ̀ ìdúró kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, ọmọkùnrin kan bíi ọdún mẹ́jọ gbé ẹnu sí òrùka ó ní, jẹ́jẹ́ báyìí, "ta ló jẹ ẹja inú ọbẹ̀?" Ọmọbìnrin tó wà lápá kejì yíjú padà wẹ̀yìn, kò rẹ́nì kan. Ó tún gbé etí sí i. "Ìwọ ni mò ń bá wí." Ọmọ náà figbe ta, ó sáré yí ẹ̀yìn dish lọ wò bóyá èèyàn sá pamọ́ síbẹ̀, ó fọwọ́ gbá a, ló bá padà wá ó ní, "èmi kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni." A ò sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn o, kò sí àlàyé kankan. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán àwọn fúnra wọn ti ń dúró sáàárín, wọ́n ń na apá, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè dí ohùn náà lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ìyá ọmọ méjì ni mí n'Íkòròdú. Gbogbo fọwọ́-kàn-án fọwọ́-kàn-án yìí, ṣé kò léwu?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ó léwu tí wọn ò bá ronú sí i. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo nǹkan mélòó kan. Iná NEPA ò gbọdọ̀ dé ibi tí ọwọ́ ọmọ dé, powerbank àti bátìrì tó iṣẹ́ ọmọdé. Òòfà kéékèèké tó lágbára, kí wọ́n gbé e kúrò, torí tọ́mọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn nínú ikùn, wọ́n á fún ìfun sáàárín, iṣẹ́ abẹ ló ń gbà. Bátìrì pẹlẹbẹ róbótó bíi ti aago náà, tó bá há sí ọ̀fun, ó ń jó o láàárín wákàtí díẹ̀. Kí ilé bátìrì ní sùkúrù, kó má jẹ́ èyí tí èékánná lè ṣí. Àfọ́kù fèrè (bàlúùnù) tó bẹ́, kí ẹnì kan máa ṣà á nílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo oòrùn, ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́, ẹ máa lọlé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo wà ní JSS3 ní Ṣàgámù. Mo gún ìṣó àti wáyà mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ kan, mo so gílóòbù tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn, kò tàn. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Fún ayẹyẹ wa ni o, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

ÌDÁHÙN: Ọmọ dáadáa, má dá wọn lóhùn, ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ kọ́ lo ṣe é tì, gílóòbù yẹn ló ń jẹun jù. Gba LED pupa kékeré, gílóòbù tín-ín-tín tí kì í jẹ iná púpọ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Ọsàn kan ò lè fún ẹ ju nǹkan bíi fóòtì kan lọ, LED pupa sì ń fẹ́ tó méjì kó tó ṣí ojú, torí náà ọsàn mẹ́rin ni kó o tò. Ìṣó pánù tó ń dán ni kó o lò, torí síńkì tí wọ́n fi bò ó lá ń wá. Wáyà iná ilé tó o bó awọ ẹ̀, ìyẹn ni kọ́pà. Fọwọ́ yí ọsàn lórí tábìlì kí omi inú ẹ̀ jáde, gún ìṣó kan àti kọ́pà kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, má jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn nínú ọsàn. Wá so ìṣó ti àkọ́kọ́ mọ́ kọ́pà ti ìkejì, ìṣó ìkejì mọ́ kọ́pà ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ́pà kan á ṣẹ́kù lápá kan, ìṣó kan á ṣẹ́kù lápá kejì. Ẹsẹ̀ LED tó gùn, kọ́pà ni kó o so ó mọ́. Tó o bá so ó sódì kò ní tàn, kàn yí i padà.

Kò ní mọ́lẹ̀ púpọ̀ o, fi sínú páálí tó ṣókùnkùn kó o lu ihò tí èèyàn á máa yọjú wò. Má sì tò ó sílẹ̀ fún wọn. Gbé ọsàn mẹ́rin sórí tábìlì, jẹ́ kí ọmọ so ó fúnra ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, òkùnkùn, méjì, ó lè má sí nǹkan kan, títí ó fi máa tàn. Tẹ́nì kan bá bi ẹ́, sọ pé ìṣó ló ń jẹ́ kó tàn, síńkì ara ẹ̀ ló ń yòrò díẹ̀díẹ̀, ọsàn kàn ń gbé e kọjá ni. Dà wọ́n nù tó o bá ṣe tán, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n se àgbo.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, a ní kíláàsì Yorùbá fáwọn ọmọ wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀n lọ́jọ́ Sátidé. A fẹ́ ṣe ọjọ́ sáyẹ́ǹsì, àmọ́ kí ó ní nǹkan tiwa nínú. Kí la lè gbé síbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Gángan! Ẹ fún ọmọ ní gángan àti kọ̀ǹgọ́, kó fi abíyá fún ọsán ẹ̀. Tó bá fún un, awọ á le sí i, ohùn á gòkè, tó bá tú u, ohùn á wálẹ̀. Ẹ gba ápù tó ń fi ìgbì ohùn hàn sórí fóònù, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, kí ọmọ rí i pé bí ohùn ṣe ń gòkè ni ìgbì ṣe ń sún mọ́ra. Kẹ́ ẹ wá kọ "ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀" sí káàdì mẹ́rin, kí ọmọ kan fi ìlù sọ ọ̀kan, kí èkejì mú káàdì tó gbọ́. Àwọn ọmọ yín tí wọ́n ní Yorùbá le, ẹ wò ó bí wọ́n ṣe máa jà lórí ìlù yẹn. Ẹ ra méjì o. Ẹ rántí ìṣirò ìlà.

ÌBÉÈRÈ: Agùnbánirọ̀ ni mí, ní Ìṣẹ́yìn. Kí la máa kọ sára ìpàtẹ, kí la sì máa ṣe tó bá bàjẹ́ láàárín ọjọ́?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ìlà méjì péré. Ìlà kìíní sọ ohun tí ọwọ́ máa ṣe, ìkejì béèrè nǹkan. "Fún lẹ́mọ́ọ̀nù sínú zóbò. Wá da omi kán-ún sí èkejì, kí ló dé táwọ̀ wọn ò fi jọra mọ́?" Ó parí. Má kọ "ásíìdì" sí i, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á bi ẹ́. Kọ ọ́ gàdàgbà, kó o sì gbé e sí ọ̀gangan ojú ọmọ, kì í ṣe ojú ẹ.

Tó bá bàjẹ́, á sì bàjẹ́, má gbé e lọ sẹ́yìn kó o lọ fi pamọ́. Ní Exploratorium tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, gbangba ni ibi iṣẹ́ wọn wà, àlejò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gé irin. Gbé sípánà, sùkúrù dráífà, sẹ́lótéèpù àti wáyà sórí tábìlì kan láàárín gbàgede, kó o tún un ṣe níbẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá á ti yí ẹ ká kó o tó tú bóòtù àkọ́kọ́. Fún ọ̀kan nínú wọn ní sípánà mú dání.